Mo Fọwọ́ Sí I Pé Mo Ka Ìwé Tí N Kò Kà

Mo purọ́, mo sì fi orúkọ ara mi tì í lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, inú ń bí mi débi pé n kò lè dá a rò mọ́.

Ọ̀gá mi jẹ́ pùròfẹ́sọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ. Òun ni olóòtú jọ́nà, ìwé àtẹ̀jáde ìwádìí ẹ̀ka wa, èmi ni mò ń bá a gba iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn ènìyàn bá fi ránṣẹ́. Láti ọdún tó kọjá, ètò kọ̀ǹpútà kan ló ń bá wa yẹ̀ wọ́n wò. Bí ẹnì kan bá da ìwé oníwèé kọ, yóò sọ... bí nọ́ńbà bá jọ àtọwọ́dá, yóò fi pupa sí i. N kò bá ètò náà jà o. Ó ti mú olè gidi, ojú mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n òfin wa ni pé ènìyàn gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ka èyí tó bá fi pupa sí, kí ó fọwọ́ sí i pé òun kà á. Èmi ni ènìyàn náà. Ọ̀gá ní kí n má fi àkókò ṣòfò, kí n ṣáà máa fọwọ́ sí i... mo sì ń fọwọ́ sí i.

Ó wá kan Àǹtí Fúnkẹ́ (kì í ṣe orúkọ rẹ̀), tó ń ṣe ìwé dókítà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa nípa iye gàrí tí àwọn obìnrin ìlú Ìtàjí ń yan lójúmọ́. Ètò fi pupa kùn ún: odo tàbí márùn-ún ló parí gbogbo nọ́ńbà rẹ̀, ó jọ pé ó jókòó sílé hùmọ̀ wọn ni. Mo fọwọ́ sí i. Lẹ́tà ẹ̀sùn ti ọ̀dọ̀ wa dé ẹ̀ka rẹ̀, ìgbìmọ̀ ìbáwí yóò pè é lọ́jọ́bọ̀. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí nìyẹn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á. Ìtàjí ni wọ́n bí mi, gàrí ni màmá mi ń yan! Kóńgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bí ó bá pé márùn-ún, wọn á ju òkúta kan sílẹ̀. Èyí tí kò bá pé márùn-ún, wọn kì í kà á, màmá mi á ní ti ọmọ ulé nìyẹn, àwa ọmọ inú ilé la máa jẹ ẹ́. Báwo ni nọ́ńbà ṣe fẹ́ parí bí kò ṣe bẹ́ẹ̀? Àǹtí Fúnkẹ́ sì kọ ọ́ gbangba sí ojú ewé kẹrin. N kò sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àléébù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀sùn yìí kì í ṣe òótọ́.

Mo lọ bá ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìṣirò ni. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ tirẹ̀ gba pupa, ohun tó sọ fún mi ni pé, “Fò ó jàre, kí ni ẹ̀rọ mọ̀ nípa ọ̀dọ̀ wa?” Ṣé iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ kò mọ̀ ni?

Lánàá, Àǹtí Fúnkẹ́ pàdé mi lọ́nà ilé ìkàwé. Ó béèrè màmá mi. Ó wá ní, “Àbúrò, ẹni tó ka ìwé mi, ṣé kò rí ojú ewé kẹrin ni?” Mo ní n kò mọ̀.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, gbogbo ìwé tí mo ti fọwọ́ sí ni wọn yóò tú wò, iṣẹ́ mi lè lọ, ọ̀gá yóò sì ní èmi nìkan ni mo ṣe é. Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ ní kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ṣé iwájú ìgbìmọ̀ ni kí n ti jẹ́wọ́ lọ́jọ́bọ̀, àbí kí n kọ́kọ́ lọ sọ fún Àǹtí Fúnkẹ́ pé èmi ni ẹni tí kò rí ojú ewé kẹrin?