Rọ́bà Tí Mo Tú

Bàbá mi tó sùn sínú sàréè ní Ògbómọ̀ṣọ́,

Èmi ọmọ yín ni. Ẹ mọ̀ pé mi ò lọ sílé ìwé, ọmọ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn mi, ló ń bá mi kọ èyí. A jókòó sẹ́yìnkùlé mi níbí ní Ìkọ̀tún, òun lórí àpótí, èmi lórí búlọ́ọ̀kù. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kò gbọdọ̀ fò ó, kò sì gbọdọ̀ tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni mo fẹ́ bá yín sọ. Òun gan-an ni mo fi í pamọ́ fún láti ọjọ́ yìí wá, mi ò sì lè wo ojú ẹ̀ kí n sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọjú sí yín.

Kí n kọ́kọ́ fún yín níròyìn tó dáa. Ọmọ yìí ti di sójà. Sójà tó ń tọ́jú ọgbẹ́, bíi ẹ̀yin náà. Wọ́n rán an lọ sílé ìwé tí àwọn sójà ti ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú, ó sì ti sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn fún mi. Láàárọ̀, wọ́n á jókòó ní kíláàsì, wọ́n á kọ́ orúkọ eegun àti iṣan. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á da ọ̀dà pupa sára ẹnì kan, wọ́n á ní kó máa pariwo, wọ́n á tú èéfín síbẹ̀, ọ̀gá wọn á dúró lé wọn lórí, á máa bú wọn, kí wọ́n lè mọ bí èèyàn ṣe ń di ọgbẹ́ nígbà tí ọwọ́ ń gbọ̀n. Kí wọ́n kọ́kọ́ fa ẹni tó ṣubú kúrò níbi tí ọta ìbọn ti ń bọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tó wo èémí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n gbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù ọsibítù, níbi tí aláìsàn ò ti ń ṣeré. Ó yege. Wọ́n ti ní kóun náà máa kọ́ àwọn tuntun, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀.

Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀yin náà nìyẹn? Mi ò bi yín rí. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí ni pé ẹ ní wọ́n máa ń gbé abọ́ omi sórí ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́, kí ẹ gbé e sáré, kí omi má dà. Nígbà tí ẹ ti ojú ogun dé, àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Bàbá tìẹ ò níbọn, báńdéèjì ló fi ń jà!” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbọ́, ẹ ń nu bàtà yín lọ. Nírọ̀lẹ́, ẹ pè mí, ẹ fi okùn so itan mi, ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ yín. Ó dùn mí, mo ní kẹ́ ẹ tú u. Ẹ ní, “Dókítà ló ń tú u. Tó bá ń ké, jẹ́ kó máa ké.” Mo já okùn náà, mo sá lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ ò bá ìyàwó mi láyé. Ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì lọ́dún tí ìyàwó mi kú. Lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá fún mi níbi tí mo ti ń mọlé ní Ìjẹ̀gùn, a sì jọ ń rìn bọ̀. Ọlọ́kadà kan tó gbé páànù sẹ́yìn yà fún kòtò, etí páànù náà gé ìyàwó mi ní itan. Ẹ̀jẹ̀ ń tú bí omi ẹ̀rọ. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà sáré wá, ó fi rọ́bà inú táyà so itan náà lókè ọgbẹ́, ó fà á títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ó ní, “Baba, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án o, àfi tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù!”

A gbé e gun ọ̀kadà mìíràn, ó wà láàárín èmi àti ọlọ́kadà. Ẹ ò mọ ọ̀nà yẹn. Gbogbo kòtò tí a bá kó sí ló ń ké. “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u, ẹsẹ̀ mi ń kú lọ.” Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo tú u.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun.” Ó fẹ̀yìn tì mí láyà, mo rò pé oorun ni. Ká tó dé ọsibítù, sòkòtò mi ti rin dé kókósẹ̀, ìyàwó mi ti lọ. Mo ju rọ́bà náà sí gọ́tà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi mí pé, “Ṣé kò sẹ́ni tó so ó ni?”, mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n so níbẹ̀. Ọmọ yìí ti dé, ó gbọ́. Torí ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe wọ iṣẹ́ sójà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi mí dánra wò lójú àwọn ará ilé. “Bàbá mi, ẹ̀yin ni aláìsàn o, ẹ ò gbọdọ̀ ráhùn!” Ó so okùn mọ́ mi nítan, ó lọ́ ọ, mo ké, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìrora yẹn ló ń sọ pé ó mú. Ẹni tó bá tú u ti pa á nìyẹn.” Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ kírun. Mi ò kírun. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo dúró sí.

Nígbà tó yá, ó sọ fún mi pé ohun àkọ́kọ́ tóun máa sọ fún àwọn tuntun lọ́jọ́ Ajé ni pé ìyá òun kú torí kò sẹ́ni tó mọ nǹkan níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo ń jẹun lọ. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà yẹn mọ̀. Ẹ̀yin ti kọ́ èmi náà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ́ kó dúró níwájú sójà kó máa pa irọ́ tèmi fún wọn?

Ọmọ yìí ti dáwọ́ ìkọ̀wé dúró. Mo ní kó kọ ìyẹn náà, ó sì kọ ọ́. Ó ń sunkún, mi ò ní kó má sun ún. Ó béèrè pé, “Ṣé lóòótọ́ ni màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó nu ojú ẹ̀, ó tún mú bírò.

Ó ní, “Mo máa sọ fún wọn pé ẹnì kan so ó dáadáa, ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ ló tú u.”

Mo ní kó sọ fún wọn pé bàbá òun ni.

Èmi ni, Bàbá mi, ọmọ tẹ́ ẹ bí, tó fẹ́ràn yín, tójú sì ń tì.