Ìlà Kan Tí Mi Ò Kà

Àdúgbò Arákàlẹ̀,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ Ajé.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Dúrótoyè,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbà pé ara yín le níbẹ̀ ní Oǹdó, àti pé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti ń fún ọ láyè díẹ̀. Ara tèmi náà le, ojú nìkan ni kò fẹ́ ríran mọ́ láìsí awò. Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, tí mo fi rán awakọ̀ Oǹdó sí ọ. Lórí fóònù, o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, mo sì fẹ́ sọ èyí dé ìparí.

Wọ́n á ti sọ fún ọ pé mo bá pásítọ̀ jà ni mo ṣe fi iṣẹ́ ògbufọ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irọ́ ni. Ọdún méjìlélógún ni mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù, tí mò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ di Yorùbá. O mọ̀ mí, mi ò fo ọ̀rọ̀ kan rí. Bí oníwàásù bá bú wa, màá bú wa dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú kan, àlejò oníwàásù ń sunkún, èmi náà ń bá a sunkún, mo sì rí i pé kò sí nǹkan kan nínú mi. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kàn ń gba ẹnu mi kọjá bí omi inú páìpù. Ẹ̀rù bà mí.

Mo wá Ọlọ́run kiri. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè àdúrà, ibà ni mo gbé sọ̀kalẹ̀. Mo yí ṣọ́ọ̀ṣì padà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó sú mi, mo bi Àlájà Sherifat, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, bó ṣe máa ń gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Ó ní òun ò gbọ́ ohùn kankan o, òun kàn máa ń kírun òun ni, tó bá sì di Ọjọ́bọ̀, òun á lọ wo àǹtí òun tó rọ lẹ́sẹ̀ ní Oda. Ó ní kí n jẹ́ ká jọ lọ, dípò kí n máa jókòó wo àjà.

Àǹtí rẹ̀, Màmá Oyèbọ́lá, yọ ìwé kan lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní wọ́n ní kí òun tẹ̀ka sí i kí wọ́n lè fún òun ní ajílẹ̀, ajílẹ̀ ò sì dé. Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Mo dìde, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó túmọ̀, mo sì kà á fún un ní Yorùbá. Ìwé ajílẹ̀ kọ́. Oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi lé ilé-iṣẹ́ kan lọ́wọ́ fún ogójì ọdún. Ìyá náà ní, "Ogójì ọdún? Èmi tí mo ti lé lọ́gọ́rin?" Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mò ń túmọ̀ wá ń dùn mí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ohun tí mo wá lọ sórí òkè, inú yàrá yẹn ni mo ti bá a.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, obìnrin mọ́kànlá ló ti dúró dè wá pẹ̀lú ìwé tiwọn. Opó ló pọ̀ jù nínú wọn. Mò ń túmọ̀, Sherifat ń kọ orúkọ. A wá lọ sí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká. Wọ́n ń tì wá láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn, akọ̀wé kan tiẹ̀ ní kí n lọ sinmi, pé mo ti dàgbà. Mo ní iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe. Wọ́n ti wá dá ọjọ́ fún wa báyìí, ọ̀sẹ̀ yìí gan-an, ní Ọjọ́bọ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ ní èmi ni màá ka ìwé Màmá Oyèbọ́lá létí gbogbo èèyàn.

Ọ̀rọ̀ tó bí lẹ́tà yìí ló kù. Nísàlẹ̀ ìwé yẹn, ẹnì kan fọwọ́ sí i pé òun ti ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá náà ní Yorùbá, ó sì yé e. Dúrótoyè, orúkọ rẹ ni. Mo mọ ìfọwọ́sí rẹ láti ilé ìwé. Ìlà yẹn nìkan ni mi ò kà. Mo ká ìwé, mo ní ó parí. Ìyá náà súre fún mi, ó sì súre fún àwọn ọmọ ìyá mi.

Ojú tì mí, ó sì dùn mí. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ra ilẹ̀ ló ń gbé iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ fún ọ. Bóyá wọ́n kàn ní kó o fọwọ́ sí i, o ò sì bèèrè. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mi ò lè máa bá ará ìta jà kí n máa bo tèmi mọ́lẹ̀. Agbẹjọ́rò tó ń ràn wá lọ́wọ́ ní bí ẹni tó fọwọ́ sí i bá jẹ́wọ́ pé òun ò kà á fún un, ìwé náà ò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ó lè kó ọ sí wàhálà, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n wá, kó o fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Màá dúró tì ọ́. Bí o ò bá wá, màá ka ìlà náà.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọkàn akin. Kó má jẹ́ kí èyí já okùn ọmọ ìyá tó so wá pọ̀. Kó ṣọ́ ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ fún ọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ lọ sílé ìwé,
Fẹ̀yìntọlá.

Àfikún: Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n pè wá. Tètè wọ mọ́tò kó o kọ́kọ́ yà sílé, màá se mọ́ínmọ́ín tó o fẹ́ràn. Màmá Oyèbọ́lá náà ń bọ̀, lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Kò tíì mọ̀ pé ọmọ ìyá mi ni ọ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tá a bá lọ, ó ṣì ń súre fún ọ.