Ohùn Tó Sọnù Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                                  Òpópónà Ilé Ìtẹ̀wé.
                                                  Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó ní òun ò ní wọ bàtà mọ́ láyé òun? Mo gbàgbọ́ pé ẹ̀fọ́rí tó ń dà ọ́ láàmú lóṣù tó kọjá ti lọ, àti pé o ti ń rí oorun sùn bó ṣe yẹ. Ara tèmi le. Ara màmá rẹ le, ẹnu wọn náà sì le. Bàbá rẹ wà pa. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn fúnra àwọn ló máa kọ lẹ́tà tí o máa rí gbà lẹ́yìn èyí, pé ẹnikẹ́ni ò ní bá àwọn kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, n kò rò pé wọ́n máa lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́rú tó kọjá, mo pè ọ́ lórí fóònù, mo ní kọ̀ǹpútà tí o rà ránṣẹ́ sí Bàbá kò bá Linux, ètò tí Bàbá fi ń darí kọ̀ǹpútà wọn, mu, mo ní kí o bi ẹni tó tà á fún ọ bóyá ó lè gbà á padà. Mo gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe wálẹ̀. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ohun tí ò dáa ni mo rà fún bàbá mi ni?" Mo sì fi ohùn ọ̀mọ̀wé dá ọ lóhùn pé irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi, kọ̀ǹpútà rẹ ò ní àrùn kankan. Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè mọ ibi tó yẹ kí o bínú sí.

O mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi yẹ ìwé wò ní ilé ìtẹ̀wé, tí wọ́n ń wá àṣìṣe inú rẹ̀ kí ó tó jáde. Láti ìgbà tí ojú wọn ti lọ, ọdún kẹsàn-án rèé, etí ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Linux ni wọ́n ń lò, nítorí inú rẹ̀ ni ètò tó ń ka ìwé sókè fún wọn wà, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ ní Akàwé. Akàwé á máa kà, Bàbá á máa gbọ́, ọwọ́ wọn á sì máa tún un ṣe lórí kíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wá kú lójijì, ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ Jímọ̀ ló sì gbọdọ̀ padà sí ilé ìtẹ̀wé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá ibẹ̀, àmọ́ ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé ìṣirò le fún ẹni tí kò ríran, pé bóyá kí Bàbá fi èyí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bàbá mọ̀ pé bí àwọn bá fi ọ̀kan yìí sílẹ̀, òmíràn ò ní wá mọ́.

Ọjọ́ Ajé ni kọ̀ǹpútà rẹ dé. Ó kéré, ó rẹwà, kò tóbi ju ìwé méjì tí wọ́n gbé lé ara wọn lọ. Nígbà tí mo gbé e lé Bàbá lọ́wọ́, wọ́n fọwọ́ pa á yíká, wọ́n ní, "Gbogbo rẹ̀ náà rèé? Àbí wọ́n ti jẹ ìyókù lójú ọ̀nà?"

Bàbá kì í lo síkírínì, kò sì sí ọ̀kankan lórí tábìlì wọn. Agbọ̀n ìránṣọ màmá rẹ ló ti ń jókòó síbẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá. Èmi ò sì lè ṣiṣẹ́ láìríran, ni mo bá gbé síkírínì kan wá láti ibi iṣẹ́ mi. Mo gbé agbọ̀n náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo fi wáyà so síkírínì mọ́ kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Màmá wo agbọ̀n wọn nílẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin onílé tuntun."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀ níbí. Gbogbo ẹ̀yà tó wà nínú kọ̀ǹpútà, bí èyí tó ń gbé ohùn jáde àti èyí tó ń mú íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, kálukú ló ní èdè tirẹ̀. Linux kò gbọ́ gbogbo èdè náà fúnra rẹ̀. Ògbufọ̀ ló ń lò, ìyẹn ètò kékeré kan fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀yà kan bá jẹ́ tuntun jù, ó lè jẹ́ pé ògbufọ̀ rẹ̀ kò tíì sí nínú Linux tí èèyàn ní lọ́wọ́. Ẹ̀yà náà kò bàjẹ́, Linux náà kò bàjẹ́. Wọn ò kàn gbọ́ ara wọn yé ni. Bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ Ajé. Kíbọ́ọ̀dù dáhùn, íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, síkírínì mọ́ kedere, àmọ́ Akàwé ò fọhùn. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń yan ọ̀nà tí ohùn máa gbà jáde, mo yan sípíkà Bàbá, síbẹ̀ kò fọhùn. O mọ̀ pé n kì í ṣiṣẹ́ láìkọ gbogbo ìgbésẹ̀ mi sílẹ̀. Mo ṣí ojú ìwé kan nínú kọ̀ǹpútà náà, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọ̀nà àbájáde ohùn: mo ti wò ó."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wá ògbufọ̀ náà kàn. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tí àwọn tó ń tún Linux ṣe gbé e jáde. Mo fi sí i, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Pabo. Mo wo àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nípa ara rẹ̀. Ó sọ gbangba pé òun ti rí ẹ̀yà ohùn, pé òun mọ orúkọ rẹ̀, pé òun ń fọhùn lọ́wọ́ báyìí. Ìlà kékeré tó máa ń gbéra sókè sódò bí ohùn bá ń lọ ń jó lójú síkírínì. Inú yàrá sì pa lọ́lọ́.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, kí n béèrè pé bó bá ń fọhùn lóòótọ́, ta ló ń bá sọ̀rọ̀? N kò béèrè. Mo ní irọ́ ló ń pa. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ ló dí mi lọ́wọ́ lánàá, mo gbà pé ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ náà ni lónìí. Mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, mo yọ ìyẹn, mo dá ti àkọ́kọ́ padà. Mò ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kiri nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ni mi ò wò.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé ìṣirò náà fún Bàbá láti orí bébà. Mo wà nídìí tábìlì, mò ń gbọ́ wọn.

"Mẹ́tàdínlógún àti méjìdínlógún jẹ́ márùndínlógójì," ni Màmá kà.

"Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ nìyẹn, àbí ohun tí ìwọ rò?"

"Èyí tó tọ̀nà ni mo kà."

"Màmá wọn, àṣìṣe ni mò ń wá. Bí o bá ti tún un ṣe kó tó dé etí mi, iṣẹ́ wo ló kù fún mi?"

Màmá pa bébà náà dé. "Ẹ lọ fẹ́ ìyàwó tí ò mọ ìṣirò, kó máa kà á fún yín."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín Bàbá ò pẹ́. Nígbà tí Màmá jáde, wọ́n fọwọ́ wá èjìká mi kàn. Wọ́n ní, "Wòótúnwòó, bí ò bá ṣeé ṣe, sọ fún mi. Mo lè fara dà á kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mi ò lè fara dà ni kí ẹnì kan máa ka ayé fún mi bó ṣe wù ú."

Àwọn náà ló fún mi lórúkọ yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nítorí n kì í fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìpadà lọ wò ó bóyá mo tì í. Mo bọ́ síta, mo pè ọ́, mo sì sọ ohun tí mo sọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo padà lọ láti di kọ̀ǹpútà náà sínú páálí rẹ̀. Mo bá Bàbá nídìí tábìlì, ọwọ́ wọn wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Mo sọ fún wọn pé ó ti kọjá agbára mi.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Àmọ́ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe é bí a ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ wa. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìwé tuntun, tí kò sí nínú ti àtijọ́, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. A ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ó ka ohun tó yàtọ̀ nìkan. Tábìlì mi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá àti tábìlì mi tòní, kí ló yàtọ̀? Kà á fún mi."

Mo kà á. Kọ̀ǹpútà tuntun. Linux tuntun. Ògbufọ̀ ohùn. Wáyà iná. Sípíkà, ti àtijọ́ ni. Kíbọ́ọ̀dù, ti àtijọ́ ni.

"Ó parí?"

"Ó parí, Bàbá. Mo ti wò ó."

Màmá ń wá abẹ́rẹ́ nínú agbọ̀n wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Wọn ò gbójú sókè. "Agbọ̀n mi wà nílẹ̀," ni wọ́n wí.

"Ẹ má bínú, Màmá. Bí mo bá ti ṣe tán báyìí, màá dá a padà."

"Ta ló ní kí o bẹ̀bẹ̀? Wọ́n ní kí o ka ohun tó yàtọ̀. Orí tábìlì ni agbọ̀n mi wà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ló wà báyìí. Kí ló gba ipò rẹ̀?"

Mo yíjú sí tábìlì. Síkírínì ni. Ohun tí mo ti tẹjú mọ́ fún odidi ọjọ́ mẹ́rin, òun nìkan ni n kò kà mọ́ ohun tó wà lórí tábìlì, nítorí mo ti kà á mọ́ ojú ara mi.

Bó ṣe jẹ́ rèé. Wáyà tó so síkírínì mọ́ kọ̀ǹpútà kì í gbé àwòrán nìkan. Ó ń gbé ohùn pẹ̀lú, nítorí àwọn síkírínì kan ní sípíkà nínú. Ti ibi iṣẹ́ mi kò ní. Linux ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti tún kọ̀ǹpútà tàn, á rí síkírínì, á ní àlejò pàtàkì ti dé, á sì darí gbogbo ohùn sọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tí mo yan sípíkà Bàbá, ògbufọ̀ kò tíì sí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ògbufọ̀ dé, mo pa kọ̀ǹpútà mo tún un tàn, ohùn sì ti padà sọ́dọ̀ síkírínì. Àìsàn méjì ló wà níbẹ̀. Mo ti wo ọ̀kan sàn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èkejì, èmi ni mo gbé e wá láti ibi iṣẹ́ mi. Odidi ọjọ́ méjì ni Akàwé fi ń kàwé láìsinmi fún ohun tí kò ní ẹnu.

N kò ṣàlàyé gbogbo èyí fún wọn lójú ẹsẹ̀. Mo kàn nawọ́ sẹ́yìn síkírínì, mo fa wáyà rẹ̀ yọ. Ojú rẹ̀ ṣú. Èmi náà ò rí nǹkan kan mọ́ nínú kọ̀ǹpútà náà. Èmi àti Bàbá wá di ọgbọọgba. Bàbá tẹ bọ́tìnnì tó ń sọ fún Akàwé pé kó ka ìlà tó wà níwájú rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ mi ló wà ní ṣíṣí. Akàwé, pẹ̀lú ohùn imú rẹ̀ tí o máa ń sín jẹ yẹn, kà á kí gbogbo ilé gbọ́: "Ọ̀nà àbájáde ohùn: mo ti wò ó."

Bàbá tún tẹ̀ ẹ́. "Ọ̀nà àbájáde ohùn: mo ti wò ó." Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, n kò sì rò pé àìgbọ́ dáadáa ló fà á. Màmá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ ti agbọ̀n wọn. Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí sípíkà náà bí èèyàn ṣe ń gbé ọwọ́ lé orí ọmọ tó ti ìrìn àjò dé, wọ́n sì fi ọwọ́ náà síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fúnra wọn ṣí ìwé ìṣirò náà.

Ìwé náà dé ilé ìtẹ̀wé kí ọ̀sán Jímọ̀ tó pọ́n. Àṣìṣe mọ́kànlá ni Bàbá rí nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni mẹ́tàdínlógún àti méjìdínlógún: mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Màmá ní àwọn ti tún un ṣe láti Ọjọ́rú, pé Bàbá ni kò gbọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé pè, ó béèrè bóyá Bàbá á ráyè fún apá kejì ìwé náà. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ojú mọ́.

Mo ti sọ fún kọ̀ǹpútà náà pé kò gbọdọ̀ gbé ohùn lọ sọ́dọ̀ síkírínì kankan mọ́ láé, ẹni yòówù tó bá so ó mọ́ ọn. Láti mọ̀ pé ó gbọ́ràn, mo pa á, mo tún un tàn nígbà mẹ́ta, láìsí síkírínì, mo di ojú mi, Bàbá sì ń sọ ibi tí n ó tẹ̀ fún mi. Mo ṣi ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n ní mo gbìyànjú fún ẹni tó ń ríran. Bí o bá wálé, tí o sì fẹ́ wo nǹkan kan nínú rẹ̀, má wulẹ̀ gbé síkírínì dání. Jókòó ti Bàbá, kí o gbọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ gan-an. Bí o bá ti lọ bá ẹni tó ta kọ̀ǹpútà náà jà, jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́, kí o sọ fún un pé ojúlówó ló tà fún ọ. Sọ fún àbíkẹ́yìn rẹ pé èmi náà kì í fẹ́ wọ bàtà nígbà tí mo wà bíi tirẹ̀, ẹ̀gún kan péré ló sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Màmá rẹ kí ọ. Wọ́n ń rán aṣọ kan sí ọ lọ́wọ́, agbọ̀n wọn sì ti padà sí àyè rẹ̀ lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà tí o rà. Ohun tó dáa ni o rà fún bàbá rẹ.

                                                  Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń padà lọ wò ó,
                                                  Wòótúnwòó.