Nítorí Ọ̀pá Irin Tí O Rì Mọ́lẹ̀ Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Àrẹ̀mọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú orí àkàbà. Ìwọ tí ò ń bá iná ṣeré, iná kò ní bá ọ ṣeré. Bí òjò bá ti ṣú níbí báyìí, àyà mi á là gààrà, mi ò mọ̀ bóyá orí òrùlé olówó kan lo wà tí ò ń fa wáyà.

Ara wa le, àfi ọ̀rọ̀ fíríìjì. Mi ò fẹ́ fi fóònù sọ ọ́ kí ìyá rẹ má baà gbọ́. Ẹjọ́ ni mo fẹ́ bá ọ rò. Ilé alájà gọbọi lò ń fa iná sí fún ọmọ ẹlòmíì, gbogbo rẹ̀ á sì tàn yòò. Nígbà tó kan ilé baba tó bí ọ, o fa wáyà aláwọ̀ ewé jáde, o so ó mọ́ ọ̀pá irin, o rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, o ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá, mo wò ó títí. Ta ló gbin iná rí tó hù? Owó iná ń gun òkè, ilẹ̀ ń mu iná bí ọ̀mùtí. Káfíńtà àdúgbò wa náà wò ó, ó ní ọmọ mi ń fi owó mi bọ́ ekòló. Ni mo bá hú u, mo tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Láti ìgbà náà ni fíríìjì ti yíwà padà. Bí ìyá rẹ bá fọwọ́ kàn án, á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Lọ́jọ́ tó fi ọwọ́ tútù mú un, ṣe ló jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa. Mo ní ìyá rẹ ló jẹ̀bi, ó máa ń ti ilẹ̀kùn fíríìjì gbàgà jù, ta ni wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ sí tí kò ní gbẹ̀san? Mo ra sálúbàtà onírọ́bà fún un, kò dúpẹ́. Ó ní èmi ni mo fà á. Ó ní iná tí ilẹ̀ ń bá òun gbé mì tẹ́lẹ̀, òun nìkan ló kù tí yóò máa gbé e mì. Mi ò mọ ilé ìwé tó ti kọ́ ìyẹn. Ó ti kó ẹní rẹ̀ sí ìta, ó ní òun kò ní wọ ilé ìdáná mọ́ àfi tí o bá wá ri irin mìíràn mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, má wulẹ̀ wá. Owó fíríìjì tuntun ni kí o fi ránṣẹ́, èyí tó ní sùúrù. Fi díẹ̀ lé e kí n lè máa ra oúnjẹ jẹ lóde, ebi ń pa mí. Má bi mí pé kí ló dé tí èmi kò ṣí fíríìjì fúnra mi. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù nínú wa tí yóò máa kọ lẹ́tà sí ọ.

Wàá pẹ́ fún wa. Àwa náà yóò pẹ́ fún ọ, pàápàá jù lọ ìyá rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.