Ìyá Ọkọ Mi Kò Jẹ́ Kí A Tẹ́ Ọmọ Wọn Sílẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má bèèrè orúkọ mi. Ìwó níbí ni mo wà, inú ilé kan náà lèmi àti ìyá ọkọ mi ń gbé, mo sì mọ ohun kan tí Màmá kò mọ̀...

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a gba òmìnira ni ọkọ mi kú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́sàn-án ni, ó bọ́ agbádá, ó ní òun fẹ́ kan ẹsẹ̀ àga kan tó ń mì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣubú pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, kò mí mọ́. Kí n tó pariwo, Màmá ti débẹ̀, wọ́n gbé e jókòó, wọ́n gbá a mọ́ àyà, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí. Mo ní ká tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, Màmá figbe ta: "Ẹ ò gbọdọ̀ tẹ́ ẹ o! Òkú là ń tẹ́! Ọmọ mi ò kú!" Ta ló máa bá ìyá ọlọ́mọ jà? Làwa náà bá ń pè é, a ń da omi sí i lórí, a ń pè é... títí ara rẹ̀ fi tutù.

Ohun tí Màmá fi ń tu ara wọn nínú látìgbà náà nìyẹn. Bí àlejò bá wọlé, wọn á ní, "Ọwọ́ mi ló wà. N ò jẹ́ kí ilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi." Wọn á nu ojú, wọn á sì lè jẹun.

Lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan tó ti òkè òkun dé kọ́ àwa obìnrin díẹ̀ pé ẹni tó bá ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, ká tètè tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, ká fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ léraléra, kó le, kó yá, ká má dúró, kí ẹlòmíràn sáré lọ pe dókítà. Mo sọ bí ọkọ mi ṣe kú fún un ní kọ̀rọ̀, mo sì bi í bóyá ì bá yè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, n ò lè búra. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe gbé e jókòó yẹn, kò sí ọ̀nà."

Nọ́ọ̀sì yìí fẹ́ wá kọ́ gbogbo obìnrin ìjọ wa báyìí, èmi ni wọ́n ní kí n mú Màmá wá. Àbúrò ọkọ mi, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Màmá, ti ń di àyà mú bó bá ti oko Kuta dé... Bó bá ṣubú lójú wọn ńkọ́? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, ṣé wọn ò ní mọ ohun tí ọwọ́ wọn ṣe? Kí ló máa kù tí wọ́n á fi máa sùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ṣé kí n mú wọn lọ gbọ́ ọ, àbí kí n dákẹ́, kí wọ́n lè tún gbé èyí tó kù jókòó?