Ìkòkò Tí Mo Mọ fún Imú Bàálù

Ilé Múyìwá,
Hwolshe, Jos.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, 1979.

Adérìnsọ́lá ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Èkó, èmi tí mo ń kí ọ yìí, aṣọ mẹ́ta ni mo wọ̀ lé ara wọn. Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run tó mú mi gun òkè Jos láìjẹ́ kí mọ́tò dà wá nù yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín, ẹsẹ̀ yín kò ní gbé yín dé ibi tí wọ́n ti ń ṣòfò, àmín. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí, pẹ̀lú ọwọ́ tí mo fi kọ́ ABD ní kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà bí o bá rí ibi tí lẹ́tà ti wọ́, fojú fò ó, òtútù ló mú ọwọ́ mi.

O kò gbàgbé ohun tí ẹ torí rẹ̀ rán mi wá. Láti ìgbà tí awakọ̀ ará ilé wa yẹn ti wá sọ ní Ìṣàn pé òun rí Múyìwá ẹ̀gbọ́n rẹ létí omi kan ní Jos, tó gbé àpótí kọ́rùn, tí irin gígùn yọ lórí àpótí náà, tó ń wojú ọ̀run tó sì ń dá sọ̀rọ̀, ni Oyèdélé àbúrò mi ti sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ìbànújẹ́, pé ikú Bùnmi ìyàwó rẹ̀ ti dà á lórí rú. Ó ní bí oṣù yìí bá ti parí, òun yóò kó ọkùnrin mẹ́ta tó lágbára wá, wọn yóò mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan tó máa ń fi ṣẹ́ẹ̀nì de àwọn tí orí wọn kò pé mọ́lẹ̀, iṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ bọ́ kó bọ́. Ìwọ lo sunkún tí o ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ wá wò ó, kí n sì kọ̀wé ohun tí mo bá rí. Mo ti wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Wá ibi jókòó sí kí o tó máa kà á lọ.

Jos yìí, ọmọ mi, bí àlá ló rí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìkùukùu á sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sí àgbàlá bí àlejò, àwọn òkúta ńláńlá á máa yọ orí díẹ̀díẹ̀. Igi kan wà lẹ́yìn ilé tí ewé rẹ̀ ń rùn bí òògùn ọ̀fìnkìn, bí mo bá jókòó lábẹ́ rẹ̀ imú mi á là gbayawu, n ó sì máa rò pé mo ṣì ń sùn. Keziah tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà kò gbọ́ Hausa, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní sannu tí wọ́n fi ń kíni, sannu náà ni mo fi ń dá a lóhùn ohun gbogbo, ọ̀rọ̀ wa sì ń yé ara wa.

Mo bá ẹ̀gbọ́n rẹ ní mímọ́ tónítóní. Ó ń wẹ̀, ó ń fá irùngbọ̀n, ó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ àfi bí mo bá bi í léèrè nǹkan. Ó ti kó gbogbo àga inú pálọ̀ jáde, bàálù kan ló tẹ́ sórí tábìlì níbẹ̀, apá rẹ̀ gùn tó ẹní tí mo ń sùn sí. Mo yọjú wo inú rẹ̀ bóyá n ó rí ìjókòó, kò sí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí ẹ̀rù ti ń bà mí pé ó fẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ bá Bùnmi lókè. Àpótí tí awakọ̀ yẹn rí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní rédíò ni. Mo jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán kó lè sọ ìròyìn, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ó dé, ó ní rédíò yẹn kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀, bàálù ló ń bá sọ̀rọ̀, ohun tó bá sì sọ fún bàálù náà ló máa ń ṣe. Mo ní ó dára, a jẹ́ pé ó gbọ́ràn ju àwọn ọmọ ìwòyí lọ.

Ohun tó ń dà á láàmú nìyí. Ó ra ẹ́ńjìnì tuntun lọ́wọ́ òyìnbó awakùsà kan tó ń padà sílé. Ẹ́ńjìnì náà kò ju ìkúùkù mi lọ, ṣùgbọ́n ó ti tóbi ju imú bàálù náà lọ, orí rẹ̀ yọ síta bí orí ìjàpá. Ó nílò ìbòrí tí yóò bò ó yípo kí atẹ́gùn lè máa yọ̀ kọjá lára rẹ̀, gbogbo èyí tí wọ́n sì ń tà nínú ìwé òyìnbó, kò sí ọ̀kan tó bá a mu. Ó gé agolo mílíìkì, agolo gé e lọ́wọ́. Ó gbẹ́ igi, igi là sí méjì. Mẹ́rin nínú ìka ọwọ́ rẹ̀ ló fi àkísà dì, ó ń jẹ iyán bí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin mo ní kó gbé igi yẹn jù sílẹ̀, kó jẹ́ kí èmi amọ̀kòkò fi amọ̀ mọ ọ́n fún un. Ó ní amọ̀ wúwo, bàálù kò lè gbé e. Mo ní èmi náà mọ̀, ṣebí òun ló ń ṣàlàyé fún mi lánàá pé àwọn òyìnbó máa ń mọ àwòrán rẹ̀ ná, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù pa aṣọ náà, bí ó bá gan tán aṣọ náà ló máa di ìbòrí. Ó gbé igi náà jù sílẹ̀. Keziah ló mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ní Rayfield, lẹ́bàá ọ̀kan nínú àwọn adágún tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀. Mo tọ́ ọ wò lẹ́nu, kò ní yanrìn. Keziah náà tọ́ ọ wò. A wo ara wa, a rẹ́rìn-ín, mo ní sannu.

Imú bàálù náà kò tóbi tó ìkòkò tí mo lè máa rìn yípo mọ bí a ti ń ṣe nílé, nítorí náà orí itan ni mo gbé e lé. Mo fi ṣùkù àgbàdo yí i lára, mo fi òkúta odò dán an. Oòrùn rọra ń mú mi lẹ́yìn, ewé olóòórùn yẹn ń já lu ilẹ̀, ojú mi ń wọ́ bí ẹni tó fẹ́ sùn, ó wá ń ṣe mí bíi pé orí ọmọ tuntun ni mo ń fi omi gbígbóná mọ, kó lè rí róbótó. Adérìnsọ́lá, bí kì í bá ṣe pé Bùnmi kú sórí ìkúnlẹ̀ tòun tọmọ, orí ọmọ rẹ̀ ni ǹ bá máa mọ. Mo rò ó, mo sunkún díẹ̀, mo fi omi ojú náà dán imú bàálù lọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ dé, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ojú rẹ̀ fà ro, ó ní ó fi ìka kan tóbi jù, ó fẹ́ gé e. Mo gbá a lọ́wọ́. Mo ní amọ̀ máa ń súnkì, bí ó bá gbẹ tó sì jinná, yóò padà sí ìwọ̀n tó fẹ́. Ó ní kí n má sun ún rárá, pé ní tútù ni wọ́n ń lò ó, bí ìbòrí bá ti gan, wọn a fọ́ amọ̀ náà kúrò nínú rẹ̀. Ẹ gbà mí o! Èmi ni wọ́n ní kí n mọ ìkòkò kí wọ́n lè fọ́ ọ! Nígbà tí ó gbẹ dáadáa, mo jẹ́ kó lọ síbi iṣẹ́, mo kó ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ àti ewé jọ, mo sun ún ní àgbàlá. Èéfín gba gbogbo Hwolshe. Keziah sáré dé pẹ̀lú garawa omi, nígbà tó rí ohun tí mo ń ṣe, ó gbé garawa sílẹ̀, ó jókòó tì mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ tún fi rúlà wọ̀n ọ́n, ínṣì mẹ́rin àbọ̀ géérégé, ìwọ̀n tó ń wá. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Ọjọ́ kejì ni a pè ọ́ láti ilé Gideon ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ ibí ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, òun náà ní bàálù tirẹ̀, ó sì ní tẹlifóònù. Mo gbé ìkòkò náà síwájú ẹnu tẹlifóònù kí o lè rí i, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Mo gbọ́ tí o pe Màámi lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí epo gbígbóná, ó sì gé. Bí o kò bá rí abẹ́ rẹ̀ dáadáa, má bínú, Gideon ló ń kánjú.

Gideon náà ló ní aṣọ tí a wọ̀ fún ìkòkò náà. Dígí ni wọ́n fi hun ún, ọmọ mi. Dígí! Ó funfun, ó rọ̀ bí irun ọmọ òyìnbó, mo fi wé gèlè wò, ọrùn mi sì ń yún mi bíi pé mo bọ́ sínú yèrèpè títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi òrí pa ìkòkò lára. Gideon ní haba Mama, kí ni òrí fẹ́ ṣe níbẹ̀. Mo ní kó pa á ṣá. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gan, ìbòrí náà yọ̀ bọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, odindi, ìkòkò mi wà láìfọ́, Gideon wá gbé e lọ́wọ́ ó ní a jẹ́ pé a lè fi ṣe òmíràn, àti òmíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ lu ihò méjì síwájú ìbòrí náà bí ihò imú, kí atẹ́gùn lè wọlé tu ẹ́ńjìnì lára. Mo bi í léèrè ibi tí ooru yóò gbà jáde. Ó ní yóò wá ọ̀nà. Mo ní rárá o, èmi tí mo ti mọ ajere oníhò tí kò lóǹkà, ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde ló gbọ́dọ̀ tóbi ju èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀ á yan bí ẹja. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó gé ihò ńlá sí ìsàlẹ̀, ó sì fi ọ̀dà pupa kun ìbòrí náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni wọ́n gbé e lọ sí Rayfield, létí adágún ńlá kan. Ìkùukùu ṣì bo omi, a kò rí òdìkejì. Wọ́n rọ epo sí i, mo gbóòórùn rẹ̀, àṣé epo lárà wà nínú rẹ̀, èyí tí mo máa ń fún yín mu nígbà tí ẹ wà ní kékeré kí inú yín lè rọ̀. Mo bi wọ́n léèrè bóyá inú ló há bàálù náà. Gideon di ìrù rẹ̀ mú, ẹ̀gbọ́n rẹ ta igi abẹ̀bẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin tí wọ́n há mọ́ ike, Gideon fi í sílẹ̀, ó sáré, ó sáré, ó kúrò nílẹ̀.

Mi ò mọ bí n ó ti sọ ọ́ fún ọ. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ó tàn sí ìbòrí pupa náà, ọ̀kan ń lọ lókè, ọ̀kan ń tẹ̀lé e nínú omi. Ariwo rẹ̀ jìnnà, ó wá dà bí orin tí ènìyàn ń gbọ́ lójú oorun. Ẹsẹ̀ mi fúyẹ́, mo gbàgbé òtútù, mo gbàgbé Oyèdélé, mo gbàgbé pé mo ti darúgbó. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń dá sọ̀rọ̀ lóòótọ́, bí awakọ̀ yẹn ti wí. Mo sún mọ́ ọn kí n lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ń sọ pé rọra, rọra, máa bọ̀ nílé. Ó wá gbé àpótí náà lé mi lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ bo tèmi, a jọ tì í díẹ̀, bàálù náà sì yí padà lókè bí ẹni tí a pè lórúkọ. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, kò sì gbọ̀n rárá.

Nígbà tí ó balẹ̀, ó ti fi epo ba gbogbo abẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Mo ní ẹ ò rí i, inú rẹ̀ ti rọ̀! Mo fi etí ìró mi nù ún nídìí, mo ní pẹ̀lẹ́, ara á fúyẹ́ báyìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi jókòó sínú koríko. Láti ọjọ́ tí a ti sin Bùnmi, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín náà ló ti bọ́ sẹ́kún. Ó ní Bùnmi ló máa ń di ìrù rẹ̀ mú fún òun, gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta, pẹ̀lú oyún pàápàá, àti pé láti ìgbà tí ó ti lọ, àfi ìgbà tí bàálù bá wà lókè ni àyà òun kì í dun òun. Mo jókòó tì í, mo sun tèmi náà. Gideon kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo omi. Nígbà tí ó tó gẹ́ẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ dìde, ó tún rọ epo, èmi ni mo sì di ìrù rẹ̀ mú.

Ní ti owó mọ́tò tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ kí n lè padà sílé, má tíì fi ránṣẹ́. Fi náírà mẹ́wàá ránṣẹ́ kí n fi ra súẹ́tà tó nípọn, kí o fi márùn-ún lé e fún bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀, nítorí ìrì etí omi yìí kò mọ àgbà. Àwọn ọ̀rẹ́ Gideon mẹ́rin ti gbé imú bàálù tiwọn wá, Keziah ń bá mi wa amọ̀, n ó wà níbí di Kérésì. Ọlọ́run yóò fi ọwọ́ rẹ̀ bo tìrẹ náà nígbà tí ohun tí o dì mú bá wúwo, ọmọ rẹ kò ní ṣáájú rẹ, ọkọ rẹ kò ní wá ọ tì, ilé rẹ yóò tòrò, àmín.

Bá mi fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì rẹ tẹ gbólóhùn tó kù yìí, kí o fi ránṣẹ́ sí Oyèdélé, nítorí ohun tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ló máa ń gbàgbọ́. Tẹ̀ ẹ́ bí mo ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́: kí ó dá àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn padà sílé wọn. Mo ti wo ọmọ mi. Orí rẹ̀ pé. Ìyàwó rẹ̀ ló kú, ó sì ń dùn ún.

Èmi ni,
Màámi tó bí ẹ̀yin méjèèjì.