Páánù Tí Mo Lọ Tọrọ Nílẹ̀ Òyìnbó

Ìjù,
Ọjọ́bọ̀.

Monílọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Àkúrẹ́ ò le jù, ṣé wọ́n ti san owó oṣù ní sẹkitéríàtì, àbí ìlérí lẹ ṣì ń jẹ? Ọlọ́run tó gbé bàbá rẹ gun òfúrufú tí kò jẹ́ kó já bọ́ yóò gbé ìwọ náà dé ibi gíga. Àmín. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, abo ni méjèèjì. Kòkó ò ṣe dáadáa, Sáàpù tí ìjọba gbé dé yìí ò sì jẹ́ ká mọ iye tí gààrí máa jẹ́ lọ́la. Àmọ́ jẹ́ n gbé ìyẹn tì ná, ọ̀rọ̀ ń hó nínú mi. Mo ti dé láti ilẹ̀ òyìnbó!

O rántí pé ìjì ṣí òrùlé ìjọ wa lọ́sẹ̀ ìkórè, tó jẹ́ pé abẹ́ agboòrùn la ti ń kọrin. Ìjọ kan ní abúlé òyìnbó tó ń bá bíṣọ́ọ̀bù wa ṣọ̀rẹ́ wá ní ká rán ẹnì kan wá, àwọn máa sanwó ọkọ̀. Èmi ni wọ́n mú, torí èmi ni kafíńtà tó ṣí ewé kúrò lórí ilé ní Ìjù yìí tó fi páánù rọ́pò rẹ̀, láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Wọ́n ní kí n lọ tọrọ ogún ìdì páánù wá. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù, fọ́ọ̀mù bi mí pé kí ni mo wá ṣe, mo kọ páánù sí i pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá. Ọ̀gá tó gbà á wo ìwé, ó wo ojú mi, ó tún lọ pe ọ̀gá mìíràn wá wò ó. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ wa sí gan-an.

Monílọ́lá, abúlé náà dùn ún wò! Odò kékeré kan gba àárín rẹ̀ kọjá, ó mọ́ ju odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tiwa lọ, mọ́tò sì ń dúró kí pẹ́pẹ́yẹ kọjá. Mo rí ẹyin tí wọ́n pàtẹ sẹ́nu ọ̀nà oko láìsí ẹni tó ń tà á, o máa mú tìrẹ, o máa ju owó sínú agolo. Mo pariwo! Bí ìyá àgbà mi ṣe ń pàtẹ iṣu sẹ́bàá ọ̀nà gan-an nìyẹn, tó ń fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí ẹni tó ń kọjá lè mọ iye rẹ̀. Mo ní ẹbí wa làwọn wọ̀nyí.

Àfi ìgbà tí mo gbójú sókè. Koríko! Koríko ló wà lórí ilé wọn! Ìyá Lawrence, opó tí mo dé sí lọ́dọ̀, wọ́n kọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sára ògiri, ó ti lé ní irinwó ọdún. Irinwó ọdún, kò sí ọmọ kan ní agboolé yẹn tó rówó ra páánù! Lawrence wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Kérésìmesì nìkan ló ń yọjú. Mo bi ìyá náà pé kí ló dé tí kò yọ koríko yìí, ó ní ìjọba ò gbà, wọ́n ní ilé àtijọ́ ni, ẹni tó bá yọ ọ́ máa rójọ́. Yéè! Èmi tí mo rò pé ìjọba tiwa nìkan ló burú. Àwọn ará ìlú ńlá tún ń fi bọ́ọ̀sì wá ya òrùlé olórùlé ní fọ́tò. Inú bí mi, mo na agbádá mi bo ẹnu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n máa lọ, kò dáa kéèyàn máa fi tálákà ṣe ìran wò. Wọ́n bá ya èmi náà.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, àlùfáà wọn gbé àpòòwé kan fún mi níwájú ìjọ, ó ní ohun tí àwọn dá jọ fún òrùlé wa rèé. Ọmọ mi, ọwọ́ mi kọ̀, kò gbà á. Ṣé lọ́wọ́ ẹni tó ń sùn sábẹ́ koríko ni mo ti máa gba páánù? Mo dá a padà. Mo ní kí wọ́n fi ra páánù fún Ìyá Lawrence, mo ti fẹsẹ̀ wọn ilé rẹ̀ yí ká, ọjọ́ tí ìjọba bá gbójú kúrò, èmi fúnra mi máa wá kàn án lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá Lawrence bú sẹ́kún, ó dì mọ́ mi. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú, kò sẹ́ni tó bi òun rí bóyá òrùlé òun ń jò.

Bí mo ṣe dé lọ́wọ́ òfo nìyẹn. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni mo máa jíṣẹ́, ìjọ sì ti to igi sílẹ̀ de páánù. Àyà mi ń já, àmọ́ mi ò kábàámọ̀. Jọ̀ọ́, fi owó ìdì kan péré ránṣẹ́ kí n má baà dìde lásán, kó o fún Ọmọ́níyì dírẹ́bà ní gáréèjì. Má fi ìwé báǹkì tí ẹ ń pè ní ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́ mọ́ o. Èyí tó o fún mi lọ́dún tó kọjá ṣì wà nínú Bíbélì mi. Wọ́n ní owó báǹkì máa ń lé sí i, mò ń yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, iye kan náà ló wà lára rẹ̀.

Olúwa yóò bò ọ́, òjò ayé kò ní pa ọ́, ilé ọkọ rẹ yóò tura.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dúrótoyè Kafíńtà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Òkè ibùsùn ìyá rẹ ti ń jò láti èṣí, garawa la gbé sí i. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n gun àkàbà mọ́. Mi ò tọrọ owó fún ìyẹn o. Ṣáà wá sílé, kó o bi wá bóyá òrùlé wa ń jò.